Ìwé Òfin Tuntun àti Igi Ólífì Ọgọ́fà

Jímọ̀, ọjọ́ kẹta oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2014

Ó pé ọjọ́ mẹ́rìnlá lónìí tí mo ti di ìyàwó Mundir. Mo tún un kọ kí n lè tún un kà: ìyàwó Mundir. Làálì ọwọ́ mi ṣì pọ́n dáadáa. Àárọ̀ yìí ni ìyá ọkọ mi, Lálà Mabruka, fún mi ní ìwo ewúrẹ́ mẹ́ta, ó ní kí n kì wọ́n bọ ìka kí ẹ̀ka má baà bó mi lọ́wọ́. Mo ń fi wọ́n ya ẹ̀ka ólífì bí ẹni ń ya irun ọmọge, èso sì ń rọ̀ sórí tapólì, pó-pó-pó, bí òjò tí kì í tutù síni lára. Mundir wà lórí àkàsọ̀, èmi wà nísàlẹ̀, ó ń mọ̀ọ́mọ̀ ju èso lù mí lórí. Ìkùukùu bo oko débi pé ohùn rẹ̀ nìkan ni mo fi ń mọ orí igi tó wà. Mo rò pé bí mo bá kú sínú ìkùukùu yẹn, n ò ní mọ̀ pé mo kú.

A gbé rédíò kọ́ ẹ̀ka. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní Bàrdó, níbi tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wà: àwọn aṣojú ń dìbò lórí ìwé òfin tuntun, abala kan lẹ́yìn òmíràn, abala mẹ́rìndínláàádọ́jọ. Mo ní ìwé ìròyìn tí wọ́n tẹ gbogbo rẹ̀ sí, mo wé e sínú ọ̀rá nítorí ìrì. Èmi nìkan ni mo ka girama tán nínú wọn, nítorí náà èmi ni wọ́n ní kí n máa kà á sókè tá a bá jókòó jẹun.

"Kí ni wọ́n wí nípa òróró?" Lálà Mabruka bi mí.

"Wọn ò dárúkọ òróró, Ìyá."

"Ìwé òfin ilẹ̀ wa, kò dárúkọ òróró?" Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo yọ ọ́ kúrò níbẹ̀.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrin

Wọ́n dìbò lórí abala kẹfà, èyí tó ní ìjọba á dáàbò bo ẹ̀sìn, á sì dáàbò bo òmìnira ọkàn oníkálukú. Bàbá ọkọ mi, Haji Tijani, sọ̀kalẹ̀ lórí àkàsọ̀ nítorí rẹ̀.

"Òmìnira ọkàn! Ta ló de ọkàn mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

Wasila, ẹ̀gbọ́n Mundir obìnrin, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́, ní: "Bàbá, ẹ bi àwọn tí ìjọba àná tì mọ́lé. Torí pé wọ́n ń kírun àfẹ̀mọ́júmọ́ ní mọ́ṣáláṣí ni wọ́n ṣe mú wọn."

Bàbá wò ó, ó wo àkàsọ̀, ó sì tún gùn ún padà. Wasila ṣẹ́jú sí mi.

Kílò tòmátì kan ti di dínárì kan àti ààbọ̀. Mundir ní òun á máa jẹ ẹ̀rín mi pẹ̀lú búrẹ́dì. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kó má baà sẹ́ ẹ tá a bá darúgbó.

Ajé, ọjọ́ kẹfà

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kọ eléyìí. N ó kọ ohun dídùn ṣáájú: mo jí, apá Mundir wà lábẹ́ ọrùn mi, òórùn òróró tuntun ń bẹ lára rẹ̀, oòrùn ti yọ, a tún ti pẹ́.

Pípẹ́ yẹn gan-an ló fa ọ̀rọ̀. Lálẹ́ àná ní ilé kọfí, Hamadi, tí gbogbo abúlé ń pè ní Ámù bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe àbúrò bàbá ẹnikẹ́ni, sọ lójú gbogbo ọkùnrin pé:

"Ọkọ ìyàwó, ìgbà wo lo máa ká ólífì rẹ tán? Oòrùn á ti yọ tán kí ìwọ tó kúrò lórí ibùsùn. Àwọn ará Bàrdó á parí ìwé òfin kó o tó dé ìdí igi kejì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mundir tèmi, inú rẹ̀ ń dùn, ojú sì ń tì í, ló bá fọwọ́ lu tábìlì. "Àwọn tó ti jókòó ọdún méjì láìparí ojú ìwé kan? Kí ìyàwó mi di hàráámù fún mi bí wọ́n bá parí ìwé òfin yẹn kí n tó ká igi tèmi tán!"

Igi ọgọ́fà ló kù.

Wasila ló sọ fún mi lábẹ́ igi. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo wo òkè àkàsọ̀. Mundir kò wo ìsàlẹ̀.

"Mundir, òótọ́ ni?"

"Ọ̀rọ̀ ilé kọfí ni," ó wí fún ewé.

Bàbá dé láti mọ́ṣáláṣí, ó ti gbọ́. Kò pariwo. Ó ní bí àwọn àgbà ṣe kọ́ òun nìyí: ọkùnrin tó bá fi irú ọ̀rọ̀ yẹn búra, tí ohun tó búra lé lórí sì ṣẹlẹ̀, ó ti kọ ìyàwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí àbọ̀ mọ́, àfi tí obìnrin náà bá lọ fẹ́ ẹlòmíràn ná. Ó wá mú àpò kan, ó padà sídìí igi. "Ẹ yára," ló wí.

Ní ìrọ̀lẹ́, rédíò ní wọ́n ti gba abala tó sọ pé ọkùnrin àti obìnrin ilẹ̀ wa dọ́gba nínú ẹ̀tọ́ àti nínú ojúṣe. Aṣojú mọ́kàndínlọ́gọ́jọ ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo pàtẹ́wọ́ tòun ti ìwo lọ́wọ́, ó ń dún kọ̀-kọ̀-kọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé abala kan tún ti lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án

Igi àádọ́rùn-ún ló kù. Wọ́n ti fi ẹfun fa ìlà méjì sára ògiri ilé kọfí, ọ̀kan fún Bàrdó, ọ̀kan fún Mundir. Ẹni tó bá ń gba ojú ọ̀nà Jẹ́mù kọjá á ké sí wa: "Ìyàwó, mélòó ló kù?" Èmi náà á ké padà. Kí Ọlọ́run má bínú, ó ń dùn mọ́ mi díẹ̀ pé gbogbo ayé ló ń bèèrè nípa ìgbéyàwó mi.

Mundir bó ọsàn lórí àkàsọ̀, ó ń ju awẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo la ẹnu bí ọmọ ẹyẹ. Lálà Mabruka ní, "Ẹ wò wọ́n. Ilé ń jó, wọ́n ń jẹ ọsàn."

Jímọ̀, ọjọ́ kẹwàá

Òjò. Kò sẹ́ni tó ń ká ólífì nínú òjò. Èso á bu, òróró á kan. Mundir lọ rí lèmọ́mù tuntun lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Lèmọ́mù ní ìbúra ni, kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀. Kó yọ ọ̀rọ̀ náà padà, kó sì bọ́ tálákà mẹ́wàá ní kàfárà, ìtánràn ìbúra, ó parí.

"Lèmọ́mù yẹn?" Bàbá ní. "Àná kọ́ ni wọ́n já a lẹ́nu ọmú?"

Nígbà tó ku àwa méjì, mo ní, "Yọ ọ́ padà, ká sinmi."

"Níwájú Hamadi? Ṣadlia, títí n ó fi hu ewú ni wọ́n á máa sọ pé mo gbé ọ̀rọ̀ ara mi mì. A máa ká igi yẹn tán. Sáà máa wò mí."

Mo wò ó. Wàhálà tèmi nìyẹn: tí mo bá ti ń wò ó, mo máa ń gbàgbé ohun tí mo fẹ́ sọ.

Àìkú, ọjọ́ kejìlá

Mo lá àlá pé ìwé ni ewé gbogbo igi wa. Mo ń fi ìwo ya ẹ̀ka, abala ń já bọ́ sórí tapólì, ìkọ̀ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ ní ohùn ẹni tí mo mọ̀: ohùn ìyá mi, ohùn olùkọ́ mi ní Màhdíà, ohùn ọmọdé kan tí n ò tíì mọ̀. Mo fẹ́ bi í léèrè orúkọ rẹ̀ ni Lálà Mabruka kan ilẹ̀kùn. "Dìde, ọmọ mi. Àwọn ará Bàrdó kì í sùn o."

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá

Màólúdì bọ́ sí ọjọ́ tí olórí ìjọba àná sá kúrò nílùú, ọdún kẹta rèé. Kílò kan èso páìnì tí a fi ń se àsídà, ògì dídùn ọdún yìí, ti di dínárì méjìdínlógún. Lálà Mabruka ra ààbọ̀ kílò, ó ṣépè fún olùtajà, ó sì padà lọ ra ààbọ̀ sí i. A sè é títí ó fi dúdú tó ń dán, mo fi álímọ́ńdì kọ orúkọ Mundir sórí abọ́ tirẹ̀. Wasila bo ojú. "Ọlọ́run, gbà mí lọ́wọ́ àwọn ọmọ yìí."

Wọ́n ti ṣèlérí pé òní ni ìwé òfin máa parí. Kò parí! Wọ́n ń jà lórí ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́. Mundir gbé mi, ó fi mí yí káàkiri àgbàlá. Igi márùndínlọ́gọ́rin ló kù, oòrùn sì wà lójú ọ̀run bí abọ́ òróró.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ohun kan ṣe mí lónìí. Ní ìdí rédíò, mo gbọ́ tí ẹnu mi ń bẹ Ọlọ́run pé kí ìjà Bàrdó má tán. Kí wọ́n máa bú ara wọn. Kí ẹnì kan tún jáde pẹ̀lú ìbínú. Èmi, tí mo ti mọ abala mẹ́wàá sórí! Èmi, tí mo pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú ìwo! Ìgbà wo ni mo di ọ̀tá ìwé tí mo fẹ́ràn?

Nígbà tó di àkókò oúnjẹ, Wasila ní kí n kà. Mo ní ojú ń ro mí.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún

Márùndínláàádọ́ta. Ọrùn mi gan. Mundir fi òróró ra á fún mi, mo sùn lọ láàárín ọ̀rọ̀.

Ajé, ọjọ́ ogún

Òjò ọjọ́ kejì. Ó ń dún lórí páànù, àwa méjì jókòó sáàárín àpò, à ń ṣa ewé kúrò nínú èso. N ò mọ̀ pé ènìyàn lè láyọ̀ nínú ṣíṣa ewé. Ọwọ́ wa ń pàdé ara wọn nínú èso tútù.

Mo wá ní, "Ká ní wọ́n parí ṣáájú wa ńkọ́?"

"Wọn ò ní parí."

"Ká ní wọ́n parí."

Ó ju ewé kan nù. "Ilé ẹjọ́ ò ní kà á sí. Òfin ìjọba ò mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Bàbá ńkọ́? Inú ilé rẹ̀ là ń gbé."

"Ṣadlia, jọ̀ọ́."

"Ọ̀rọ̀ kan péré ni, Mundir, níwájú ọkùnrin mẹ́wàá tó ń mu kọfí."

"Ìwọ ò mọ ohun tí wọ́n máa ń fi ojú ṣe síni níbẹ̀."

Rárá, n ò mọ̀. N ò wọ ibẹ̀ rí. Mo dìde, mo lọ wo òjò. Ó tó àkókò kan kó tó tẹ̀ lé mi, ó dúró lẹ́yìn mi, ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ lé mi lórí. Ìjà wa àkọ́kọ́. Mo fi àmì sí ọjọ́ náà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún

Wọ́n ti dìbò lórí gbogbo abala. Ó ku kí wọ́n dìbò lórí odidi ìwé, ọjọ́ Àìkú. Igi méjìlélógún ló kù fún wa.

Bàbá wo ìwọ̀-oòrùn, ó ní òjò ń bọ̀ lọ́la. Bàbá kì í ṣìnà nípa òjò.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Òjò. Mundir ò jẹun.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo gbọ́dọ̀ kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí.

Òjò dá láàárọ̀. Mo jí, Mundir ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo bá òun àti Bàbá lóko, wọ́n ti kó ọ̀pá gígùn mẹ́rin wá. Kò sẹ́ni tó ń fi ọ̀pá lu ólífì nínú ìdílé yìí. Ọ̀pá a máa ṣẹ́ ọ̀dọ́ ẹ̀ka tí èso ọdún tó ń bọ̀ máa so lé. Bàbá fúnra rẹ̀ ló máa ń bú àwọn tó bá ṣe é.

"A máa lù ú," Mundir ní. "Kó tó di ìrọ̀lẹ́, a ti parí." Ojú rẹ̀ pọ́n bí ti ẹni tí kò sùn. Bàbá ń wo ilẹ̀.

Mo lọ fẹ̀yìn ti ìdí igi tó sún mọ́ wọn jù.

"Kúrò níbẹ̀, Ṣadlia."

"N ò kúrò. Kí la máa ká lọ́dún tó ń bọ̀?"

"Lọ́dún tó ń bọ̀! Ṣé o mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lálẹ́ yìí?"

"Mo mọ̀. O fi mí ta tẹ́tẹ́. Mo wà nílé, mò ń po ìyẹ̀fun, ìwọ gbé mi lé tábìlì láàárín ife kọfí, kò sẹ́ni tó bi mí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sáré lábẹ́ igi kí n lè gba ara mi padà. Mo ti bẹ Ọlọ́run kí ìwé òfin má parí, Mundir, èmi tí mo ń kà á fún yín! Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹnu rẹ ló dì í. Ẹnu rẹ ni kó tú u, níbi tó o ti dì í."

N ò mọ̀ pé mo ní irú ohùn yẹn. Ìwo ṣì wà ní ìka mi. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé mo ti nà wọ́n sí i lójú.

Lálà Mabruka ti dé. Ó jókòó sórí àpò kan, ó ń mí gúlegúle.

"Ọmọ yìí dáa jù mí lọ," ó ní. "Tijani, ṣé o máa sọ fún wọn ni, àbí kí n sọ ọ́?"

Bàbá ní, "Mabruka."

"N ó sọ ọ́. Ọdún kejì ìgbéyàwó wa, ó fi mí búra níwájú àwọn èèyàn pé òjò á rọ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Òjò ò rọ̀. Mo di ẹrù mi, mo lo ogójì ọjọ́ nílé bàbá mi. Àárín ìkórè ni. Adájọ́ ní Màhdíà ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í kọ obìnrin, bàbá yín wá mú mi padà sílé. Àmọ́ kò gba adájọ́ gbọ́ tán. Ogójì ọdún ló ti ń jí lóru kírun, torí ẹ̀rù ń bà á pé inú ẹ̀ṣẹ̀ ni àwa méjèèjì jọ ń gbé. Ẹ ò rí i bó ṣe mọ ọ̀rọ̀ òjò dáadáa? Ojoojúmọ́ ló ń wo sánmà." Ó yí ojú sí Mundir. "Bó o bá fẹ́ kí ogójì ọdún rẹ rí bẹ́ẹ̀, máa lu igi lọ."

Bàbá ju ọ̀pá sílẹ̀, ó gba inú ẹrẹ̀ lọ, kò bojú wẹ̀yìn.

Mundir wo ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ pẹ́. Ó kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, ó so wọ́n pọ̀, ó lọ gbé wọn sẹ́yìn ògiri. Ó padà wá pẹ̀lú àkàsọ̀. A ká igi méje láìsáré, ewé ń kán omi sí wa lára, oòrùn ń yọ, ó ń sá wọ ìkùukùu.

Lẹ́yìn ìrun Màgíríbì, ó wọ kóòtù tó fi gbé mi níyàwó. Obìnrin kì í wọ ilé kọfí abúlé wa. Èmi, Lálà Mabruka àti Wasila dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ wa wà ní títì, etí wa wà nínú ilé. Gbogbo wọn ti pé sídìí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń dúró de Bàrdó.

"Ọkọ ìyàwó!" Hamadi ké. "Mélòó ló kù?"

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Ámù."

"Háà! Àwọn ará Bàrdó ti fẹ́ borí o!"

"Wọ́n ti borí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rẹ ohùn tẹlifíṣọ̀n yẹn sílẹ̀." Mo gbọ́ tó fa èémí. "Mo fi ohun tí kì í ṣe tèmi búra níbí. Ìyàwó mi kì í ṣe ife tí mo lè gbé lé tábìlì. Mo yọ ọ̀rọ̀ náà padà lójú gbogbo yín, n ó sì bọ́ tálákà mẹ́wàá. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó tètè rín in, torí mo fẹ́ lọ sùn."

Hamadi wá rẹ́rìn-ín, ó sì rín in dénú. "Ọ̀rọ̀ ọkùnrin ti di ọ̀rọ̀ ìyàwó!"

Wasila na ọrùn wọlé. "Ámù, ṣé ìyàwó tiyín mọ iye ìgbà tẹ́ ẹ ti fi òun búra nínú ilé yìí? Ṣé kí n lọ kà á fún un?"

Ẹ̀rín wá yí ibi tó ń lọ padà. Mundir jáde sí wa, etí rẹ̀ pupa. Mo mú ọwọ́ rẹ̀ lójú títì, lójú gbogbo abúlé, kò sì gbà á padà.

A gbé rédíò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Igba aṣojú ló ní bẹ́ẹ̀ ni, méjìlá kọ̀, mẹ́rin ò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà wọ́n bú sí orin ilẹ̀ wa, gbogbo wọn, àwọn tó ti ń bú ara wọn láti ọjọ́ yìí wá. Mo jókòó, mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín. Mo jí Mundir kó wá gbọ́. Ó ní, "Mo gbọ́," ó sì ń sùn lọ.

Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo ní kí n má fi pamọ́: Bàbá kò gba oúnjẹ lọ́wọ́ mi. Mo gbé abọ́ síwájú rẹ̀, ó ní kí n gbé e fún Mabruka kó gbé e wá. Kò bínú. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bá ẹni tó ń ṣòjòjò sọ̀rọ̀. "Kò mọ́ mi lọ́kàn, ọmọ mi. Mi ò lè purọ́ fún ọkàn mi." Lójú tirẹ̀, èmi kì í ṣe ìyàwó ilé yìí mọ́, àlejò kan ni mí tí ọmọ rẹ̀ ń bá gbé nínú ẹ̀ṣẹ̀.

Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo sunkún díẹ̀. Àmọ́ oko ń dán, ìwé òfin ti wà, Mundir ń pè mí lókè igi, ẹsẹ̀ mi kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń rìn jẹ́jẹ́ mọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

A ká igi tó kẹ́yìn. Bàbá ò sí níbẹ̀. Ó ti gba ọkọ̀ tí a fi ń kó àpò láàárọ̀, kò sọ ibi tó ń lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọgbọ̀n ọjọ́

Lónìí la bọ́ àwọn tálákà. Láti òwúrọ̀ ni èmi àti Lálà Mabruka ti ń se kúsúkúsù pẹ̀lú ẹran àgùntàn, ó tó fún ènìyàn mẹ́wàá, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mundir lọ kó wọn fúnra rẹ̀: opó méjì, ọkùnrin tí ẹ̀rọ ìfúnróró gé lọ́wọ́, àwọn àgbà kan láti ẹ̀yìn ọ̀nà ojú irin. Ó tẹ́ ẹní fún wọn, ó bu omi sí wọn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pé mẹ́wàá. Mo ti fẹ́ máa bu oúnjẹ nígbà tí a gbọ́ ìró ọkọ̀ ní ẹnu ọ̀nà.

Bàbá ni. Àwọn èèyàn jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ níbi tí àpò ólífì máa ń wà. Ó ń fà wọ́n sọ̀kalẹ̀, ó ń di afọ́jú kan mú lápá, ó ń kìlọ̀ fún ìyá arúgbó kan nípa òkúta. Mo kà wọ́n. Mẹ́wàá.

"Bàbá," Mundir ní, "tiwa ti pé."

"Mo rí i. Tìrẹ ló jókòó yẹn." Ó tún aṣọ orí rẹ̀ ṣe. "Àwọn yìí, tèmi ni, ti ìbúra òjò. Abúlé mẹ́ta ni mo rìn dé kí n tó rí wọn kó jọ."

Lálà Mabruka wà nídìí ìkòkò, ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè gbé e sókè, kò lè gbé e sílẹ̀. Mo rí ojú rẹ̀. N ò ní kọ bó ṣe rí síbí, tirẹ̀ ni.

Ó wá ní: "Ogójì ọdún, Tijani. O ò wá lè sọ fún mi láàárọ̀ kí n fi omi kún un?"

Wasila ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà gbogbo wa. A sáré: Wasila lọ gba búrẹ́dì nílé aládùúgbò, Mundir bu òróró tuntun sínú abọ́ ńlá, mo fọ́ ẹyin ogún sínú tòmátì olówó iyebíye yẹn. Ogún ènìyàn jẹun, wọ́n yó, wọ́n ṣàdúrà fún wa títí apá wọn fi rọ̀.

Bàbá dúró títí gbogbo wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí jẹun. Ó wá jókòó sí ìpẹ̀kun ẹní, ó mú abọ́ kan, ó wo Mabruka, ó sì yí padà, ó na abọ́ náà sí mi. Mo bu oúnjẹ sí i.